Oríkèé ara ń dá mi lóró látìgbà tí mo ti ń lo letrozole: ṣé kí n dá a dúró ni?

Màmá Dérin

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọmọ ọdún 63 ni mí. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi nítorí jẹjẹrẹ ọmú. Kókó rẹ̀ kò tóbi, wọn ò sì bá nǹkan kan ní abíyá mi, nítorí náà wọn ò fún mi ní kẹ́mò. Ìtọ́jú onítànṣán ni mo gbà, lẹ́yìn ìyẹn ni dókítà kọ letrozole fún mi, hóró kan lójúmọ́ fún ọdún 5. Ó ní irú jẹjẹrẹ tèmi ni èyí tí họ́mọ̀nù ń bọ́, àti pé níwọ̀n bí nǹkan oṣù mi ti dúró láti ọjọ́ pípẹ́, letrozole ló bá mi mu.

Níbẹ̀rẹ̀, mi ò mọ nǹkan kan lára. Nígbà tó yá, bí mo bá jí láàárọ̀, mi ò ní lè di ẹ̀ṣẹ́. Orúnkún ń ro mí, ọrùn ọwọ́ ń ro mí, àtisọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn di iṣẹ́. Lóru, ooru á kàn dédé gba gbogbo ara mi, aṣọ tí mo fi sùn á rin gbingbin.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé nígbà tí jẹjẹrẹ wà lára mi, kò síbi tó ń dùn mí. Ìgbà tí wọ́n ní ó ti kúrò ni mo wá di aláìsàn.

Ṣé ẹnì kan wà níbí tó ti lò ó parí? Ṣé ìrora yìí máa ń lọ? Mo sì fẹ́ bi yín ní òótọ́ inú: bí mo bá dá a dúró fúngbà díẹ̀ láìsọ fún dókítà, kí n kàn wo bí ara mi á ṣe rí, ṣé ó léwu? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi o. Ó ti sú mi ni.

Ẹ̀gbọ́n Rónkẹ́

Ta ló máa bú yín? Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà.

Anastrozole ni tèmi, mo sì lo ọdún 5 náà pé. Mi ò ní tàn yín jẹ: ìrora yẹn kò lọ pátápátá títí mo fi parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rọlẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ ló le jù. Ohun tó bá mi ṣe é ni ìrìn. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ní kí ẹni tí orúnkún ń dùn lọ máa rìn, inú á bí i; inú bí èmi náà. Àmọ́ ìgbà tí mo bá jókòó sójú kan ni oríkèé máa ń gan jù. Bí mo bá fi agídí dìde tí mo rìn, kí ó tó tó ìdajì wákàtí, á ti tú sílẹ̀. Láàárọ̀, mo máa ń ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo tiẹ̀ gbé àsìkò oògùn kúrò láàárọ̀ sí alẹ́, mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ìyẹn ṣe nǹkan kan.

Ti pé kí ẹ dá a dúró láìsọ, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún wọn. Wọn kì í bínú.

Jọkẹ́ A.

Wọn kì í bínú kẹ̀? Dókítà tèmi ní kí n lọ ra oògùn ara ríro, kí n tó dìde ló ti ń pe ẹni tó kàn. Oríire ni tiyín, ẹ̀gbọ́n.

Màmá Dérin, èmi náà nìyẹn, anastrozole. Ìgbà tí mi ò lè ṣí ìdérí ìgò mọ́ ni mo tó gbà pé kì í ṣe ọjọ́ orí.

Apoògùn

Ẹ kú ìnira, mà. Apoògùn ni mí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò lè gba ipò dókítà yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí hóró yẹn ń ṣe, nítorí mo ti rí i pé wọ́n kì í jókòó ṣàlàyé rẹ̀ fúnni.

Bí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dúró, ilé ẹyin rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pèsè ẹ́sítrójìn, họ́mọ̀nù obìnrin, mọ́. Ìyẹn kò ní kí ẹ́sítrójìn tán lára. Èròjà kan wà tó ń jẹ́ aromatase, ó wà nínú ọ̀rá ara, ó wà nínú iṣan, ó wà nínú ọmú fúnra rẹ̀. Òun ló ń sọ àwọn họ́mọ̀nù mìíràn di ẹ́sítrójìn, ìwọ̀nba yẹn sì tó jẹjẹrẹ jẹ. Letrozole (2.5 miligíráàmù), anastrozole (1 miligíráàmù) àti exemestane (25 miligíráàmù) ń dá aromatase dúró lẹ́nu iṣẹ́, ẹ́sítrójìn á wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ibẹ̀ ni wàhálà oríkèé, ooru ara àti egungun ti ń wá: egungun àti oríkèé náà ń fẹ́ ẹ́sítrójìn.

Tamoxifen (20 miligíráàmù) gba ọ̀nà mìíràn. Kì í dín ẹ́sítrójìn kù. Ńṣe ló máa ń lọ jókòó sórí àga ẹ́sítrójìn lára sẹ́ẹ̀lì ọmú, bí ẹ́sítrójìn bá dé, kò ní ríbi jókòó. Ṣùgbọ́n nínú egungun àti nínú ilé ọmọ, òun fúnra rẹ̀ tún máa ń ṣe iṣẹ́ ẹ́sítrójìn díẹ̀. Ó ń gbe egungun ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, ó sì lè mú awọ inú ilé ọmọ nípọn, tàbí kó fa jẹjẹrẹ síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn kò wọ́pọ̀. Ó tún lè mú ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ìdí tí dókítà yín fi mú letrozole: ìwádìí ńlá kan tó ń jẹ́ ATAC bẹ̀rẹ̀ ní 1996, ó kó obìnrin tó lé ní 9,000 jọ, gbogbo wọn ni nǹkan oṣù wọn ti dúró. Àwọn kan lo anastrozole, tó jẹ́ ẹlẹgbẹ́ letrozole, àwọn kan lo tamoxifen. Jẹjẹrẹ kò padà sára àwọn tó lo anastrozole tó ti àwọn tó lo tamoxifen, wọn ò sì ní ẹ̀jẹ̀ dídì àti jẹjẹrẹ ilé ọmọ tó wọn. Ṣùgbọ́n egungun wọn ṣẹ́ jù, oríkèé wọn sì dùn wọ́n jù. Kò sí èyí tó dáa láìní ìyọnu tirẹ̀.

Ìrora oríkèé yìí wọ́pọ̀ gan-an, kì í ṣe inú orí yín ló wà. Láàárín oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí dókítà lè ṣe pọ̀ ju "lọ ra oògùn ara ríro" lọ:

Ó lè ní kí ẹ sinmi letrozole fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Bí ìrora bá lọ, ó dájú pé oògùn ni. Bí kò bá lọ, á wá ohun mìíràn: fítámì D tó lọ sílẹ̀, làkúrègbé, tàbí iṣan ọrùn ọwọ́ tó fún mọ́ra. Lẹ́yìn náà, ó lè gbé yín lọ sórí òmíràn nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni letrozole kò bá lára mu tí exemestane bá lára mu, tàbí òdì kejì. Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, tamoxifen wà níbẹ̀. Torí náà, ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ní bòókẹ́lẹ́ yẹn, dókítà fúnra rẹ̀ lè ní kí ẹ ṣe é ní gbangba, tí wọ́n á sì mọ ibi tí ẹ wà.

Ìrora kan wà tí kò yẹ kí ẹ dúró wò: èyí tó mú ojú egungun kan ṣoṣo, tó ń le sí i lójoojúmọ́, tó sì ń jí yín lóru. Kì í ṣe bí ti letrozole ṣe ń rí nìyẹn. Ẹ tètè fi sọ.

Jọkẹ́ A.

Ẹ ṣeun, apoògùn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa ṣàlàyé aromatase fún mi nìyí, mo sì ti ń gbé e mì tipẹ́.

Ìbéèrè kan: wọ́n sọ fún mi pé bí oríkèé bá ń dunni, oògùn ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni?

Ìyábọ̀

Àh, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dáhùn ìyẹn o. Letrozole ni mò ń lò, kò sí ibi kankan tó ń dùn mí. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé bóyá oògùn mi ò ṣiṣẹ́.

Apoògùn

Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyábọ̀. Wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò nínú ìwádìí púpọ̀, àbájáde wọn kò bára mu. Kò sí dókítà tó ń fi ìrora díwọ̀n iṣẹ́ oògùn. Oríire yín ni, ẹ máa gbádùn rẹ̀.

Olóòótọ́ Ọ̀rọ̀

Ohun tí kò yé mi rèé. Wọ́n ti fi abẹ gé e kúrò. Wọ́n ti fi ìtànṣán jó ibẹ̀. Kí ni oògùn tún ń wá nínú ara ẹni tí ara rẹ̀ ti dá? Àwọn tó ń ta oògùn ló ń jèrè. Ẹ dá a dúró, kí ẹ máa lo àwọn àfikún tí wọ́n fi ewé ṣe, tí kò ní kẹ́míkà, ara yín á sinmi.

Ẹ̀gbọ́n Rónkẹ́

Hmm. Mo fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n màá jẹ́ kí apoògùn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí n má lọ sọ kọjá ààlà.

Apoògùn

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ìbéèrè burúkú, ìdáhùn tó tẹ̀ lé e ni mi ò fọwọ́ sí.

Abẹ ń mú èyí tí ojú rí kúrò. Kí wọ́n tó rí kókó, sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ lè ti bá ẹ̀jẹ̀ lọ síbòmíràn, kí ó fara pamọ́ síbẹ̀, kò ní hàn nínú àyẹ̀wò kankan. Irú jẹjẹrẹ tí họ́mọ̀nù ń bọ́ mọ sùúrù ju àwọn yòókù lọ. Ó lè sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó jí. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 tẹ̀ lé àwọn obìnrin tó ti lo oògùn họ́mọ̀nù fún ọdún 5, tí ara wọn sì mọ́, títí ó fi di ọdún 20. Nínú àwọn tí kókó wọn kéré jù, tí abíyá wọn sì mọ́, ó tún padà sí ibòmíràn lára bí 13 nínú 100 láàárín ọdún 5 sí 20 yẹn. Lóòótọ́, ìtọ́jú àtijọ́ ni púpọ̀ nínú wọn gbà, ó ṣeé ṣe kí ti òní sàn jù bẹ́ẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń sùn yẹn ni hóró yìí ń febi pa.

Tamoxifen nìkan, bí obìnrin tí jẹjẹrẹ rẹ̀ jẹ́ irú èyí bá lò ó fún ọdún 5, ó ń dín ikú láti ọwọ́ jẹjẹrẹ ọmú kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín ọdún 15. Letrozole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi díẹ̀ kún ìyẹn. Àwọn oògùn wọ̀nyí ti pẹ́ débi pé ilé iṣẹ́ púpọ̀ ló ń ṣe wọ́n báyìí, kì í ṣe ẹnì kan ló dá èrè wọn jẹ.

Ní ti àfikún ewé: "kò ní kẹ́míkà" kò túmọ̀ sí pé kò ní ṣe nǹkan. Òmíràn ní ohun tó ń ṣe bí ẹ́sítrójìn nínú. St John's wort, tí àwọn èèyàn ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì, lè mú kí ẹ̀dọ̀ tètè lé tamoxifen tàbí exemestane jáde kó tó ṣiṣẹ́. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ fi kún un, ẹ gbé ike rẹ̀ wá fi han apoògùn yín.

Olóòótọ́ Ọ̀rọ̀

Mo gbọ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá ní òun ò lò ó mọ́, kì í ṣe òmùgọ̀.

Àgbà Obìnrin

Lórí ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn yẹn, mo dúró tì í.

Ẹni ọdún 78 ni mí. Mo dá anastrozole dúró kó tó pé ọdún 5, dókítà mi mọ̀ sí i. Kókó tèmi kéré, irú èyí tí kì í sáré dàgbà ni. Àìsàn ọkàn wà lára mi, egungun ọrùn ọwọ́ mi sì ti ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo bi dókítà pé: "Bí ẹ bá kó 100 obìnrin tó dà bí èmi jọ, tí gbogbo wọn lò ó, èèyàn mélòó ló máa tìtorí rẹ̀ yè?" Ó kọ́kọ́ ń yí ọ̀rọ̀ po. Mo ní kó fún mi ní iye. Ó jókòó, ó ṣírò rẹ̀ fún mi lórí kọ̀ǹpútà, iye yẹn kéré gan-an. Mo wo iye náà, mo wo bí mo ṣe ń gun àtẹ̀gùn, mo yan ẹsẹ̀ mi. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì, ó ní kí n máa wá ṣe àyẹ̀wò ọmú lọ́dọọdún, mo sì ń lọ.

Mi ò ní kí Màmá Dérin ṣe bíi tèmi o. Ọmọdé ni lójú mi! Mò ń sọ pé kó béèrè iye tirẹ̀ ni.

Ọmọ Ìyá Rẹ̀

Ẹ má bínú, màmá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín. Ìyá mi ló ń lo letrozole. Wọ́n bá a ní kókó márùn-ún ní abíyá. Bó bá ka ohun tí ẹ kọ yìí, ọ̀la ló máa ju tirẹ̀ sínú àpò ìdọ̀tí. Ó ti ń wá ẹni tó máa sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún un tipẹ́.

Àgbà Obìnrin

Ọmọ mi, mo ti sọ ọ́: iye tirẹ̀ ni kó béèrè. Ti ìyá rẹ kò lè jọ tèmi. Bó bá jẹ́ pé abíyá mi rí bẹ́ẹ̀ ni, mi ò bá máa gbé e mì di òní, kí n sì máa fi ọ̀pá rìn.

Apoògùn

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, ìṣirò ló sì fà á. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ lásán ṣe é, kì í ṣe iye ẹnikẹ́ni níbí. Ká sọ pé oògùn ń dín ìpadàbọ̀ kù ní 40 nínú 100. Bí obìnrin kan bá wà láàárín àwọn tí 5 nínú 100 wọn ni àrùn máa padà sára wọn, oògùn á sọ 5 di 3: èèyàn 2 ló jàǹfààní. Bí òmíràn bá wà láàárín àwọn tí 40 nínú 100 wọn ni, á sọ 40 di 24: èèyàn 16 nìyẹn. Oògùn kan náà, agbára kan náà, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ fún ìyá tó ní kókó márùn-ún ní abíyá ju ti màmá wa lọ fíìfíì. Bí dókítà bá kàn sọ fún yín pé "ó ń dín in kù ní 40 nínú 100", ẹ bi í pé nínú èèyàn mélòó.

Ìdajì ọ̀nà náà wà. Bí ẹ bá ti lò ó dé ọdún 5, tí wọ́n wá ní kí ẹ fi kún un, ẹ béèrè bóyá ọdún 2 tó. Ìwádìí kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2021 fi ọdún 2 wé ọdún 5 fún àwọn tó ti kọ́kọ́ lo oògùn họ́mọ̀nù fún ọdún 5. Kò sí ìyàtọ̀ nínú ìpadàbọ̀ àrùn; egungun ló tún ṣẹ́ jù lára àwọn tó fi ọdún 5 kún un. Dókítà sì lè ní ìdí tirẹ̀ fún ẹni tí ewu tirẹ̀ ga.

Baálé Ilé

Ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin ni mí, mo mọ̀ pé kì í ṣe àárín mi nìyí. Ìyàwó mi ló ń lo exemestane. Lọ́jọ́ kan, mo ń wá àlùmọ́gàjí nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, mo bá páálí oògùn tó kún dẹ́múdẹ́mú, tí ọjọ́ tó gbà á ti pẹ́. Kò lò ó. Bí àwọn ọmọ bá béèrè, á ní òun ti lò ó.

Mi ò bínú. Mo bi í ni. Ó ní oríkèé kọ́ ni olórí wàhálà òun, àìsùn ni. Ooru á jí i, kò ní sùn mọ́, lójúmọmọ á máa sunkún láìnídìí. Kò fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni nítorí gbogbo ilé ló ti ń ṣe ọpẹ́ pé ó ti bọ́. Nígbà tá a jọ lọ rí dókítà, wọ́n fún un ní venlafaxine díẹ̀, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ni, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó ń dín ooru yẹn kù. Ó ń sùn báyìí. Kò sí ọjọ́ tó fò nínú exemestane mọ́.

Mo kọ èyí fún àwọn ọkọ tó bá ń kà á. Ẹ má kàn máa bi wọ́n pé "ṣé o ti lo oògùn?" Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe sùn.

Jọkẹ́ A.

Ẹ kú àbójútó, sà. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára.

Apoògùn

Àfikún kékeré sí ti Baálé Ilé: bó bá jẹ́ tamoxifen lèèyàn ń lò, kí wọ́n ṣọ́ra fún paroxetine àti fluoxetine, tí àwọn náà jẹ́ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì. Méjèèjì lè dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti sọ tamoxifen di èyí tó ń ṣiṣẹ́. Venlafaxine kò fi bẹ́ẹ̀ dí i. Wọ́n máa ń fún àwọn tí oríkèé ń dùn ní duloxetine náà, ìwádìí fi hàn pé ó ń ran àwọn tó ń lo letrozole àti irú rẹ̀ lọ́wọ́. Fún ẹni tó ń lo tamoxifen, kó kọ́kọ́ béèrè.

Mo sì fẹ́ fi ẹ̀rí gbe ìrìn Ẹ̀gbọ́n Rónkẹ́ lẹ́sẹ̀. Àbájáde ìwádìí kan jáde ní 2015, obìnrin 121 ni, oríkèé gbogbo wọn ń dùn wọ́n nítorí oògùn yìí. Àwọn kan ṣe eré ìdárayá fún ọdún kan: ìrìn tàbí irú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, àti gbígbé nǹkan wúwo lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ìrora tiwọn lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 29 nínú 100. Àwọn tí kò ṣe é, tiwọn kò yí padà. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí àwọn ará Ṣáínà máa ń gún mọ́ ara (acupuncture) náà ṣèrànwọ́ nínú ìwádìí mìíràn ní 2018.

Àìdárúkọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ẹnu ń wúwo láti sọ. Látìgbà tí mo ti ń lo letrozole, ojú ara mi ti gbẹ. Èmi àti ọkọ mi kò lè ṣe nǹkan kan mọ́, ó ń dùn mí bí ọgbẹ́. Dókítà mi, ọmọkùnrin kékeré ni, mi ò lè wojú rẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun ní ìpara ẹ́sítrójìn tí wọ́n ń fi sí abẹ́. Ṣé kí n gbà á?

Apoògùn

Ẹ má gbà á, mà, ó kéré tán ẹ má dá a lò. Díẹ̀ nínú ẹ́sítrójìn yẹn lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, letrozole sì ń sa gbogbo agbára rẹ̀ kí ẹ́sítrójìn má pọ̀ lára yín. Àwọn dókítà máa ń gbà á láyè fún ẹni tí gbogbo ọ̀nà mìíràn ti kọ̀ fún, ṣùgbọ́n ìpinnu dókítà jẹjẹrẹ nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìpara tí kò ní họ́mọ̀nù. Irú méjì ló wà: èyí tí ẹ máa fi sínú ara lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ kó lè máa mú ibẹ̀ rọ̀, àti èyí tí ẹ máa lò nígbà ìbálòpọ̀. Wọn kì í rọ́pò ara wọn, ẹ lo méjèèjì. Ẹ fún èkíní ní bí oṣù méjì kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Bí ẹ ò bá lè sọ ọ́ fún dókítà kékeré yẹn, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kí ẹ nà án sí nọ́ọ̀sì. Wọ́n ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́.

Àìdárúkọ

Olúwa á bù kún yín.

Bísí 49

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni ọdún 49 ni mí. Kẹ́mò ló dá nǹkan oṣù mi dúró. Wọ́n ní kí n máa lo tamoxifen, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gba ti àwọn àgbà torí ó lágbára jù. Nǹkan oṣù mi ti dúró báyìí, àbí?

Apoògùn

Bísí, ibi tí ewu wà gan-an nìyí. Kẹ́mò lè mú ilé ẹyin sùn, kó tún jí lẹ́yìn oṣù mélòó kan tàbí ọdún kan. Bí ilé ẹyin bá ṣì lè ṣiṣẹ́, tí ẹ lo letrozole nìkan, ọpọlọ á rí i pé ẹ́sítrójìn ti lọ sílẹ̀, á pàṣẹ fún ilé ẹyin pé kó ṣe sí i. Ẹ̀yin á rò pé ẹ ti dáàbò bo ara yín, ẹ́sítrójìn á máa pọ̀ sí i. Ẹ lè lóyún pàápàá. Àwọn tó ń lò ó nírú ọjọ́ orí yín máa ń gba abẹ́rẹ́ tó ń mú ilé ẹyin sinmi mọ́ ọn, tàbí kí wọ́n yọ ilé ẹyin kúrò. Ẹ dúró lórí tamoxifen yín títí dókítà á fi sọ ohun mìíràn. Fún gbogbo ẹni tó bá ń lo letrozole tàbí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: bí ẹ̀jẹ̀ bá wá lójú ara, ẹ má fi falẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Rónkẹ́

Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ egungun dáadáa, òun ló sì jà mí níjà jù, torí òun kì í dunni títí tí yóò fi ṣẹ́. Màmá Dérin, ṣé wọ́n ṣe àyẹ̀wò líle egungun fún yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀? DEXA ni wọ́n ń pè é. Kò ní abẹ́rẹ́, ẹ máa sùn sórí tábìlì, ẹ̀rọ á kọjá lórí yín. Èmi kò ṣe é títí di ọdún kejì, wọ́n wá rí i pé egungun ìdí mi ti fúyẹ́. Wọ́n fún mi ní kálísíọ̀mù àti fítámì D, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní zoledronic acid lójú iṣan ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ara mi gbóná, ó ro mí fún ọjọ́ díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ti ẹ̀ẹ̀kejì kò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ lọ rí oníṣègùn eyín kí ẹ tó gbà á o! Bí eyín kan bá wà láti yọ, kí wọ́n yọ ọ́ ṣáájú. Ó máa ń ṣe àwọn ẹlòmíràn ní egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Apoògùn

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Bó bá jẹ́ denosumab, abẹ́rẹ́ egungun mìíràn, ni wọ́n fún yín, ẹ má ṣe dá a dúró lójijì láìjẹ́ pé òmíràn gba ipò rẹ̀, egungun ẹ̀yìn lè máa ṣẹ́ tẹ̀ lé ara wọn. Fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, oògùn bíi zoledronic acid tún ń dín bí jẹjẹrẹ ṣe ń padà sínú egungun kù díẹ̀, nítorí náà ẹ lè béèrè rẹ̀ kódà bí egungun yín bá dáa.

Màmá Dérin

Ẹ ṣé o, gbogbo yín pátá. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi á fa èèyàn tó báyìí.

Mo pè wọ́n. Nọ́ọ̀sì ló gbé e, ó ní kí n wá. Mo béèrè iye mi bí Àgbà Obìnrin ṣe wí, mo sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Kì í ṣe kékeré tí mo lè jù nù, kì í sì í ṣe ńlá tó ń dẹ́rù bà mí. Mo gbà láti máa bá a lọ. A sinmi letrozole, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà tó parí, mo ti ń di ẹ̀ṣẹ́! Dókítà ní kí n bẹ̀rẹ̀ exemestane láti ọjọ́ Ajé. Kò sẹ́ni tó sọ àsìkò tí màá máa lò ó. Bí mo bá gbàgbé ńkọ́?

Baálé Ilé

Ti ìyàwó mi, lẹ́yìn oúnjẹ ni, lójoojúmọ́, àsìkò kan náà. Ó fi aago fóònù sí i.

Apoògùn

Òótọ́ ni, ti exemestane ni kó jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ara máa ń gbà á dáadáa nígbà náà. Letrozole àti anastrozole kò bìkítà.

Bí ẹ bá gbàgbé, tí ẹ rántí lọ́jọ́ náà, ẹ lò ó. Bó bá ti di ọjọ́ kejì, ẹ fi ti àná sílẹ̀, ẹ má lo méjì pọ̀. Ẹ sọ fún wọn bí ẹ bá ń lo oògùn wárápá bíi phenytoin, tàbí rifampicin tí wọ́n ń lò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, torí wọ́n máa ń sọ exemestane di aláìlágbára, wọ́n lè ní láti fi kún un.

Ẹ fún un tó bí oṣù mẹ́ta kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ẹ gba ọjọ́ DEXA.

Jọkẹ́ A.

Èmi náà ti pe tèmi. Wọ́n ní kí n wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Màá mú ẹ̀gbọ́n mi dání kí wọ́n má tún lé mi jáde.